Windows 10 ti parí, Windows 7 ti parí tipẹ́: kí ni ká ṣe sí kọ̀ǹpútà tó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Bọ́sẹ̀ (Ìjẹ̀bú-Òde), ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ìbàdàn Gáréèjì níbí. A máa ń tẹ̀wé, a máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, a máa ń bá àwọn ọmọ iléèwé tẹ èsì WAEC jáde, a sì ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó. Kọ̀ǹpútà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta ń lo Windows 10, méjì ń lo Windows 7. Láti oṣù tó kọjá ni àwọn mẹ́ta yẹn ti ń gbé ìkìlọ̀ wá sójú pé àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025. Mo pa á, ó tún jáde.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi tún nǹkan ṣe wá wò ó, ó ní kí n kó márààrún dànù kí n lọ ra tuntun. Kọ̀ǹpútà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà! Owó iléèwé àwọn ọmọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ mi. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ìwé NIN àwọn èèyàn àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wọn, orí àwọn ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀dọ̀ mi jí nǹkan oníbàárà.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń lo Windows 7 ló wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà ti dàgbà, kì í gbọ́ ti kọ̀ǹpútà mìíràn. Èkejì kò ṣí ojú ewé báǹkì kankan mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń sọ pé ibẹ̀ kò láàbò. Ṣé wọ́n ti ti í pa ni? Ṣé bí àwọn yòókù náà ṣe máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ.

Ọmọ Àgó, ọjọ́ Ajé, 9:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Kò ní kú o. Windows 10 ni mo ń lò níbí ní Àgó-Ìwòyè, nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ ṣáà máa pa ìkìlọ̀ yẹn.

Ọmọ Akárígbò (Ṣàgámù), ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Àbúrò mi Ọmọ Àgó, má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Òótọ́ ni pé kò ní kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà, gbogbo Windows 10 tàn bó ṣe máa ń tàn. Àtúnṣe ààbò ló dúró. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń kó àtúnṣe jáde láti fi dí àwọn ihò tí wọ́n bá rí. Wọ́n ṣì ń ṣe é fún Windows 11, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà fún ẹni tó dúró sórí 10. Ọ̀pọ̀ nínú ihò tí wọ́n ń dí lára 11 ló wà lára 10 náà, torí ara kan náà ni wọ́n ti gé àwọn méjèèjì. Olè á tú àtúnṣe náà palẹ̀, á wo ohun tí wọ́n dí, á sì mọ ibi tó máa gbà wọ ẹ̀rọ tí wọn ò dí tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi rí nǹkan kan lóṣù àkọ́kọ́.

Ẹ rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó, oṣù Èbìbí 2017, tó dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Bìrìtìkó. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn ni àtúnṣe rẹ̀ ti jáde. Àwọn tí kò tíì fi sí i ló kó sínú rẹ̀, Windows 7 ló sì pọ̀ jù lọ níbẹ̀.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ má kó nǹkan kan dànù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lára àwọn mẹ́ta tó ń lo 10. Windows 11 ń béèrè TPM, èròjà ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ tẹ Enter. Bó bá sọ pé 2.0 wà, ọ̀nà ti ń là. Bó bá sọ pé òun ò rí i, ẹ má tíì sọ̀rètí nù, torí wọ́n sábà máa ń pa á sínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń tàn, ni. Lára processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel, PTT lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Lára AMD, fTPM. Mo ti bá èèyàn tan án rí lára láptọ́ọ̀pù tó ti gbé síta láti tà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà processor. Bí ẹ bá rí i5-8250U, 8 tó tẹ̀lé dáṣì yẹn ni ìran rẹ̀. Lára Intel, ìran 8 lọ sókè ni Windows 11 ń gbà. i5-4300U, ìran 4 ni, kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún irú i7-10510U: kì í ṣe ìran 1, ìran 10 ni. Wọ́n ní RAM 4GB tó, àmọ́ mi ò kí ń fi 11 sórí 4GB fún oníbàárà mi. Á máa fà bí ìgbín.

Èyí tí kò bá gba 11, ESU wà fún un: àtúnṣe ààbò fún ọdún kan sí i, títí di ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà 2026. Inú Settings, níbi Windows Update, ni ẹ ti máa rí i. 30 dọ́là ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà kí ètò ẹ̀rọ yín máa lọ sórí àkáǹtì Microsoft yín, ọ̀fẹ́ ni. Àkáǹtì kan lè gbé ẹ̀rọ 10. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lórí 22H2, ẹ̀yà Windows 10 tó jáde kẹ́yìn, kó tó lè yọjú.

Akọ̀wé Òde-Rẹ́mọ, ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán

Ìyá Bọ́sẹ̀, bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín ni àyà mi ń já, torí ojú mi ti rí i.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan níbí. Ní 2021, Windows 7 ni a fi ń ṣe gbogbo ìwé owó wa, ọdún kan lẹ́yìn tí Microsoft ti fi í sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020. Mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo tan ẹ̀rọ, mo rí i pé orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ti gùn. Àwọn lẹ́tà kan tí n kò mọ̀ rí ló so mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ṣí ìwé àwìn, kò ṣí. Mo ṣí ìwé ìdókòwò, kò ṣí. Fáìlì kan ṣoṣo ló ṣí, lẹ́tà ni: kí a san Bitcoin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní rí ìwé wa mọ́. Orí àga yẹn ni mo wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

A ò san kọ́bọ̀. Ohun tó kó wa yọ ni pé ìyá akápò wa kò gbà láti fi ìwé gígùn sílẹ̀ láti ìgbà tí a ti ra kọ̀ǹpútà. Gbogbo owó tó wọlé, ó ń fi báírò kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Èèyàn márùn-ún ló jókòó ti ìwé yẹn fún oṣù méjì, tí a ń tẹ̀ ẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn nínú ọmọ ẹgbẹ́ ti ń rò pé a ti jẹ owó wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kó ẹ̀dà gbogbo ìwé yín sórí hard disk ìta, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Yíyọ yẹn ṣe pàtàkì. Èyí tí ẹ bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀, ohun tó bá mú ẹ̀rọ máa mú òun náà.

Ọmọ Akárígbò, àlàyé yín dára, ṣùgbọ́n ibi kan kù. ESU ọ̀fẹ́ àti ti 30 dọ́là, ti ẹni tó ń lo ẹ̀rọ fún ara rẹ̀ nínú ilé ni. Ti iléeṣẹ́ yàtọ̀: 61 dọ́là lórí ẹ̀rọ kan lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún, kò sì kọjá ọdún mẹ́ta. Ìwé NIN tó sì wà lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, Òfin Ààbò Dátà ti 2023 kàn án. Ẹni tó bá gba dátà ọmọlàkejì ló ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde fún oníbàárà tán, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tún pa á rẹ́ nínú Recycle Bin.

Ọmọ Akárígbò, ọjọ́ Ajé, 1:40 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Akọ̀wé. Òótọ́ ni, ó yẹ kí n ti là á. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ohun tí ojú yín rí.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́ Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹnì kankan ò tíì dárúkọ Linux, ètò mìíràn tó lè darí kọ̀ǹpútà dípò Windows. Kọ̀ǹpútà 12 ló wà ní yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sí ọ̀kan tí Windows 11 máa gbà. Linux Mint ni mo fi sí gbogbo wọn. Ọ̀fẹ́ ni, 2GB RAM gbé e, Mint 22 sì máa rí àtúnṣe ààbò títí di 2029. Orí fláàṣì ni mo kọ́kọ́ ti tan án wò láìfi sínú ẹ̀rọ. Mo wo Wi-Fi, mo wo ohùn, mo wo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, gbogbo rẹ̀ dáhùn kí n tó fọwọ́ sí i.

Ìwé Word ń ṣí nínú LibreOffice. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé ìlà á máa fò, ṣùgbọ́n lẹ́tà Liberation Serif tó wà níbẹ̀, ìbú rẹ̀ bá ti Times New Roman mu rẹ́gí, nítorí náà ìwé lásán kì í yẹ̀.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú. Bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Mint. Ẹ lọ síbi Keyboard, ẹ wá Nigeria, ẹ máa rí Yorùbá lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní JSS 2 ló kọ́kọ́ fi tẹ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Ó dìde, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá wò ó. Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìsìnkú, ẹ mọ bó ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá kọ orúkọ òkú láìsí àmì.

Fọ́tò Ojówó (Ìjẹ̀bú-Igbó), ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n iléèwé yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà gbé Linux wọlé rí. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún Ọjúde Ọba, ẹgbẹ́ kan wá kí n tẹ kàlẹ́ńdà régbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) wọn. Wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó. Iṣẹ́ náà wà nínú CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya iṣẹ́ títẹ̀, CorelDRAW kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Mo fi Inkscape ṣí i. Ó ṣí o, ṣùgbọ́n òjìji ẹ̀yìn fọ́tò ti lọ, orúkọ Gíwá (olórí) wọn sì ti bọ́ sórí fìlà ẹlòmíràn. Mo gbé iṣẹ́ náà lọ sílé ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ wa sí. Lẹ́yìn ọdún náà ni mo dá Windows padà.

Ohun tí mo ṣe nìyí: mo fi Rufus kọ Windows 11 sórí fláàṣì, ó sì gbà mí láàyè láti fo ìdánwò TPM. Processor ìran 6 ni tèmi. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di òní.

Ọmọ Akárígbò, ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, mi ò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́. Èmi náà ti ṣe é fún èèyàn, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn ṣáájú. Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi irú ọgbọ́n yẹn sí. Ti oṣooṣù ń wọlé báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tuntun tó ń jáde lọ́dọọdún kì í wá fúnra rẹ̀, ọwọ́ lèèyàn máa fi ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ gan-an tó sì gba Windows 11 tẹ́lẹ̀, nígbà tí 24H2 (ẹ̀yà Windows 11 ti 2024) dé, kò tàn lára wọn mọ́, torí àṣẹ kan tó ń béèrè kò sí nínú processor wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ nípa tòkunbọ̀ nìyí. Ọ̀nà kan náà ni àwọn kan ń lò láti fi 11 sórí láptọ́ọ̀pù ìran 3 àti 4, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á tà á bí èyí tó gba 11 látilẹ̀. Ẹ má fi ojú tó rí Windows 11 san owó. Ẹ ṣí Settings, System, About, ẹ ka nọ́ńbà processor fúnra yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi crack, ètò ayédèrú tó ń ṣí Windows láìsanwó, ṣí i fún yín. Mo ti bá olè ọ̀rọ̀ aṣínà nínú irú crack bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bàbá Rédíò Ìpẹru, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dáhùn ìbéèrè kejì obìnrin yìí. Ó ní kọ̀ǹpútà kan kò ṣí ojú ewé báǹkì mọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àtìlẹ́yìn Windows 7 ti parí láti 2020, kí ló wá dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyọnu dé?

Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọdún wo ló kọ síbẹ̀? Bí iná bá lọ tó sì dé, ṣé ó ń padà sẹ́yìn? Bátìrì pẹrẹsẹ kan wà lórí pátákó inú rẹ̀, ó dà bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n kọ sí i lára. Òun ló ń bá ẹ̀rọ ka àsìkò nígbà tí kò bá síná. Bó bá kú, ẹ̀rọ á gbàgbé ọdún. Ìwé ẹ̀rí ààbò tí ojú ewé báǹkì ń mú wá ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Ẹ̀rọ tó bá rò pé 2011 ni a wà á sọ pé ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, á sì ní ibẹ̀ kò láàbò. Ẹ yọ wáyà iná pátápátá kí ẹ tó ṣí i.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ ó jèrè iṣẹ́ yín o. 2009 ni mo bá níbẹ̀! Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó síwájú rẹ̀ tí n kò wo ibẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi yọ bátìrì náà, àpótí rẹ̀ kún fún eruku dé ẹnu. A fi tuntun sí i, a tún àsìkò ṣe, ojú ewé báǹkì ṣí.

Ṣé mo lè wá máa lò ó lọ báyìí?

Ọmọ Akárígbò, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:30 ọ̀sán

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ojú mi fò ó.

Ìyá Bọ́sẹ̀, rárá o, ẹ má fi ṣe ti báǹkì. Chrome tí a fi ń ṣí ojú ewé, ẹ̀yà 109 rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni ìkẹyìn tó gbà lórí Windows 7, kò sì rí àtúnṣe mọ́. Pé ojú ewé ṣí kò sọ pé ọ̀nà tí ẹ gbà síbẹ̀ dára.

Ọmọ Àgó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:20 ọ̀sán

Ẹ má bínú mà, mo ti rí i pé mo yára sọ̀rọ̀ lánàá. Èmi náà ní ìbéèrè. Ewu tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé ni a ń sọ, ṣùgbọ́n fláàṣì àwa oníbàárà ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá mo fi fláàṣì mi tẹ project ní ṣọ́ọ̀bù kan. Nígbà tí mo délé, gbogbo fódà ti di shortcut, kò sí èyí tó ṣí. Mo fọ fláàṣì náà, mo tún orí kejì àti ìkẹta kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:00 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ rẹ kò sọnù nígbà yẹn. Fáírọ́ọ̀sì yẹn kì í pa fáìlì, ó ń fi àmì ìpamọ́ sí i lára ni, kí Windows má fi hàn, ó wá gbé shortcut ti ara rẹ̀ sí ààyè rẹ̀. Linux kò ka àmì yẹn sí. Bí o bá ki fláàṣì náà bọ Mint, fódà rẹ gidi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ shortcut náà, fáírọ́ọ̀sì Windows ọ̀hún kò sì lè ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí Ìyá Bọ́sẹ̀ lè ṣe sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn. Kí kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí Mint dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ni fláàṣì oníbàárà máa wọ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti pa shortcut rẹ́, kí ẹ sọ ìwé náà di PDF, kí ẹ wá fi fláàṣì ti ṣọ́ọ̀bù yín gbé PDF náà nìkan lọ síbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èyí tó wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò nílò Wi-Fi, kò nílò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè wà lórí Windows 7 rẹ̀ títí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà fi máa ṣiṣẹ́ parí.

Fọ́tò Ojówó, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:25 ìrọ̀lẹ́

Èyí dára, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí PDF náà kó lẹ́tà tí wọ́n lò sínú, pàápàá èyí tó ní àmì ohùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa bá àpótí kékeré òfìfo lábẹ́ orúkọ òkú.

Ìyá Bọ́sẹ̀, ọjọ́bọ̀, 8:15 alẹ́

Mo ní kí n jábọ̀ fún yín. Mo tẹ tpm.msc lára àwọn mẹ́ta. Gbogbo wọn ní àwọn ò rí i. Mo ka nọ́ńbà: i5-8250U ni ọ̀kan, ìran 6 ni méjì yòókù. Ọmọ Akárígbò bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí mo fi wọ inú BIOS ti àkọ́kọ́, a rí PTT, a tan án. Windows 11 ti wà lórí rẹ̀ láti àná. Òun nìkan la ó máa fi ṣe báǹkì àti NIN, mo sì ti lẹ ìwé mọ́ ọn lára kí ọmọ iṣẹ́ má bàa gbàgbé.

Ọ̀kan nínú àwọn ìran 6 ti lọ sílé fún àwọn ọmọ, mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ESU ọ̀fẹ́. Èkejì ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà fún fláàṣì, bí Tíṣà ṣe wí. Mo ti fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lára èyí tó wà níbi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èyí tí a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, 2GB ni, mo fẹ́ kí Mint wọ òun náà.

Tíṣà, ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ti ra fláàṣì 8GB sílẹ̀ dè yín. Ṣé ohun mìíràn wà tí mo máa pèsè?

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Mo ń bọ̀, bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ kó gbogbo ìwé tó wà nínú ẹ̀rọ méjèèjì sórí hard disk kí n tó dé, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn wò láti orí hard disk náà, torí Mint máa nu gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀. Ẹ bá mi wá ibi tí iná kò ti ní lọ fún wákàtí kan.